Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni ẹ̀bi: ohun tí iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù fi hàn mí

Wọn ò tíì ka ẹ̀sùn tán tí ìyá náà fi kúnlẹ̀. Àpótí tí olùjẹ́jọ́ máa ń dúró sí ní kóòtù wa ga, nígbà tó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, gèlè rẹ̀ nìkan là ń rí. Ọlọ́pàá ní kó dìde. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni, ní kóòtù májísíréètì kan ní Èkó. Wọ́n ní wọ́n mú un níbi tó ti ń tajà lójú títì. Èmi ni ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo yí ìbéèrè májísíréètì sí Yorùbá: "Ìyá, ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, olúwa mi. Ẹ ṣàánú mi, mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo kọjú sí májísíréètì, mo sọ lédè òyìnbó pé ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Májísíréètì kọ ọ́ sínú ìwé, ó dájọ́: owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó fà mí láṣọ, ó rọra béèrè pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbọ́ tẹnu mi?"

Mo tẹ̀ lé e jáde. Ọjà tí wọ́n bá a nídìí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọṣẹ ló wá rà. Orúnkún ń dùn ún, ọmọbìnrin tó ni àtẹ sì ní kó jókòó díẹ̀. Nígbà tí àwọn agbófinró ya dé, ọmọ náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ìyá ò lè sá, wọ́n bá gbé òun àti àtẹ papọ̀. Láti ojú títì dé àgọ́ ọlọ́pàá, láti àgọ́ dé kóòtù, kò sẹ́ni tó bi í léèrè bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Mo padà wọlé láti sọ fún májísíréètì, ṣùgbọ́n wọ́n ti pe ẹjọ́ mìíràn. Wọ́n ní ohun tó bá ti wọ ìwé ti wọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ tu owó jọ, wọ́n san án lọ́jọ́ kejì. Àhámọ́ ló sùn mọ́jú.

Ọdún kejìdínlógún mi nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn. Iye èèyàn tí mo ti sọ di ẹlẹ́bi lọ́nà yìí kí ìyá náà tó fà mí láṣọ, mi ò lè kà á. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú mọ ohun tí mo ń sọ. Bí bàbá ẹni bá ń bínú, èèyàn á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. "Ẹ má bínú" ló máa ń ṣáájú, àlàyé á wá tẹ̀ lé e. Èèyàn lè má ṣe nǹkan kan, kó sì bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló máa tu ojú ẹni tínú ń bí, tí etí rẹ̀ á fi ṣí láti gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Nínú òwe yẹn, ta ló jẹ̀bi, ẹni tó ń bẹ̀ ni àbí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀? Àmọ́ ní kóòtù tí òyìnbó gbé kalẹ̀ fún wa, ẹni tó bá ti bẹ̀ ti jẹ́wọ́.

Mi ò rí olówó tó bẹ̀ ní kóòtù rí. Lọ́yà rẹ̀ ti kọ́ ọ látilé: kó sọ pé òun ò jẹ̀bi, kó sì panu mọ́. Kò tiẹ̀ nílò èmi, òyìnbó yọ̀ létè rẹ̀. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún èèyàn ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tó dáa ni, òun ló fún mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ tálákà lédè mìíràn ló fún un. Ẹni tí yóò yọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí pé kó má tíì bẹ̀, ìyẹn ń gba owó. Lóòótọ́, àjọ Legal Aid Council ti wà láti 1976, Èkó náà sì dá iléeṣẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2000. Mo ti rí àwọn lọ́yà wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Wọn ò kàn lè wà ní gbogbo kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí mọ́tò ọlọ́pàá máa ń já àwọn tí wọ́n kó láti ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ bí ẹrù iṣu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Òfin ìpìlẹ̀ kan náà, abala 35, sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi tì í mọ́lé kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀. Níbo ní Èkó ni kóòtù ti jìn tó kìlómítà 40? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kóòtù ò ní í ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni àwọn ẹbí máa ń sáré wá owó béèlì, lábẹ́ ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé béèlì kì í ṣe títà.

Ní 2009, wọ́n kó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níkòó. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ gígẹ irun, ó ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé àgọ́, wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin ní oníduùró. Ìyá tó bí i, tó ń sanwó orí, tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà, kò tó èèyàn láti dúró fún ọmọ tó jáde láti inú rẹ̀. (Òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn ti sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ oníduùró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ṣì ti ń kọ̀ wọ́n.) Wọ́n pè mí. Mo dé pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn, mo san 15,000 náírà tí kò ní rìsíìtì, wọ́n sì fa ọmọ lé mi lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣí sẹ́ẹ̀lì, mo rí àwọn yòókù lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ká eékún mọ́ àyà nítorí pé àyè ò sí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun pe nọ́ńbà kan, mo gbà á sínú ọpọ́n orí, nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà mo ti gbàgbé nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n kó àwọn ọmọ kan wọlé. Mo mọ ojú wọn. Ẹ̀sùn ni pé wọ́n hùwà tó lè da àlàáfíà ìlú rú. Méjì nínú wọn ò gbọ́ òyìnbó, èmi ni mo sì dúró láàárín wọn àti májísíréètì. Àwọn méjèèjì ní àwọn jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ìwé wọn ló gbà wọ́n nímọ̀ràn: "Sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á ní kó o gbálẹ̀, wàá lọ sílé." Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n lọ sílé, pẹ̀lú orúkọ ọ̀daràn nínú ìwé ìjọba. Ní wákàtí yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gẹ irun oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti mú gbogbo wọn, ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé òfin tó wà ní yàrá ìkàwé kóòtù, nígbà tí májísíréètì bá lọ jẹun. Mo fẹ́ mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1824, lẹ́yìn ogun Napoleon, àwọn sójà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn àti àwọn tí kò rílé gbé kún ìgboro. Ìjọba wọn ṣòfin pé ẹni tó bá ń rìn káàkiri tí kò lè fi ohun tó ń jẹ hàn, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ òfin náà wọkọ̀ ojú omi. Ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n gbé wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí wọ́n sì nà dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916, orí èyí tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní Australia ni wọ́n gbé e kà. Inú rẹ̀ ni "aláìníṣẹ́" àti "alárìnkiri" ti di ọ̀daràn nílẹ̀ wa. Ní 1989, ìjọba ológun fòfin dè é pé kí wọ́n má gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù mọ́ pé ó ń rìn gbéregbère. Orúkọ ẹ̀sùn ló kú. Àwọn tí wọ́n ń kó ò yí padà: ọmọ iṣẹ́, alábàárù, ẹni tó dúró de ọkọ̀ pẹ́, obìnrin tó wọ aṣọ tí kò tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn. Mi ò rí kí wọ́n kó ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù rí.

Òfin títa ọjà lójú títì tí wọ́n fi mú ìyá yẹn, ọdún 2003 ni Èkó ṣe é. Ní oṣù keje 2016, gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, kéde pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un: 90,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà nígbà yẹn jẹ́ 18,000 náírà. Oṣù márùn-ún gbáko nìyẹn láìjẹ láìmu. Mi ò sọ pé kí ọmọ máa sá tẹ̀ lé ọkọ̀ láti ta omi. Mo ti rí ọmọ tí dánfó gbá, mi ò ní í gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé òfin náà dárúkọ ẹni tó ń rà pẹ̀lú ẹni tó ń tà, ìjìyà kan náà. Títí mo fi kúrò ní kóòtù, wọn ò gbé ẹni tó na ọwọ́ jáde láti inú ọkọ̀ wá síwájú mi. Ọjà kan, èèyàn méjì, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń mú.

Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni mo máa ń ṣọ́. Nígbà kan, wọ́n gbé olóyè kan wá, lórí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́yà mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, wọ́n gbé àga fún un. Ọ̀rọ̀ ìyá tí orúnkún ń dùn yẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ni mo rántí àga. Agbófinró tó máa ń sọ pé "ìwọ obìnrin yìí" fún ìyá àgbà ń pe ọkùnrin yìí ní "Olóyè" látòkè délẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀sùn, wọn ò kọ olè síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó gùn ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ó yí owó olówó padà sí tirẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó pe ẹjọ́. Tíṣà àgbà kan, obìnrin, yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé olè jíjà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Mo ti ronú lé ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo èdè wa fúnra rẹ̀. Ẹni tó jí adìẹ, a ní gbéwiri. Ẹni tó kó owó lápò aláṣọ, jàgùdà. Ẹni tó fọ́lé, ìgárá. Ọlọ́ṣà wà, adigunjalè wà, fọ́léfọ́lé wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kó owó ìjọba ìbílẹ̀ kan tán pátápátá, tí rédíò bá ń kà á, wọ́n á ní ó ṣe owó ìlú kúmọkùmọ. Kúmọkùmọ! Bí ẹni pé owó ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ nù. Mi ò sì ní í purọ́ pé òyìnbó ló kọ́ wa nìkan. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wà lójú ọ̀pọ́n, wọ́n ní ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, lè mú ohun tó wù ú lórí àtẹ ọlọ́jà, kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é lólè. A ti mọ ẹni tí a kì í pè bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀.

Ẹjọ́ olóyè yẹn, wọ́n sún un, wọ́n sún un. Àwọn tíṣà ń wọ ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á débẹ̀, wọ́n á gbọ́ pé lọ́yà ń ṣàìsàn. Wọ́n dín kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí mọ́, kóòtù tú u ká.

Ọdún 2013 ló wá fi nǹkan méjì hàn mí papọ̀. Ní oṣù kìíní, ní Abuja, John Yakubu Yusuf, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, gbà pé òun jẹ̀bi nínú ẹjọ́ owó tó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Ìdájọ́ rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún kan náà, ní Òṣogbo, ilé ẹjọ́ gíga rán ọ̀dọ́kùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 45, lórí ọ̀wọ́ ẹ̀sùn tó dá lórí fóònù gómìnà tó jí, fóònù tí wọ́n ní owó rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà. Àwa òṣìṣẹ́ kóòtù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń bú adájọ́ ti Abuja. Èmi lọ wo ìwé. Òfin tí wọ́n ń lò ní Abuja àti lókè Ọya, Penal Code, abala 309, fún ẹni tó kó ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn sápò lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì ó pọ̀ jù, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Gúúsù, Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, sọ pé ẹni tó bá jí ohun tó tó 1,000 náírà lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Adájọ́ lè ṣe ju bó ṣe ṣe lọ, òótọ́ ni, nítorí ẹ̀sùn ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti jókòó sídìí tábìlì nígbà kan rí, ó ti díwọ̀n èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ kí adájọ́ kankan tó wọ ẹ̀wù. Ní 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ Yusuf padà sí ọdún mẹ́fà, wọ́n ní kó dá bílíọ̀nù 22.9 padà. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti san 750,000 yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá tó wá ra ọṣẹ, mo yí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi padà. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní "ẹ forí jì mí," mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, máa sì fi kún un pé kò tíì sọ bóyá òun ló ṣe é. Májísíréètì kan bi mí pé ìgbà wo ni mo di lọ́yà. Òmíràn, obìnrin, gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ bi í kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń dúró gbọ́.

Mo rò pé mo ti rí ojú ọ̀nà. Wọ́n wá gbé ọmọ vọ́kanáísà kan wá, wọ́n ní ó jí bátìrì ọkọ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo ṣẹ́jú sí i, mo bi í ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ pé òun ò jẹ̀bi. Orí mi wú. Májísíréètì fún un ní béèlì: oníduùró méjì tó ní ilé tàbí ilẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí onílé méjì? Àwọn kan wà lábẹ́ igi ní iwájú kóòtù tí dídúró fún èèyàn jẹ́ iṣẹ́ wọn, owó ni wọ́n sì ń gbà. Kò ní in. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò ní àhámọ́ kí ẹni tó pè é lẹ́jọ́ tó kọ̀ láti wá, tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́ta tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, bí méjì ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Ọmọ yìí ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ méje, lórí ọ̀rọ̀ tí mo fi ojú ṣẹ́ sí i pé kó sọ.

Ó wá bá mi. Ó ti rù, kúrúnà bo ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò bá ti jẹ́ kí n gbà pé mo jẹ̀bi. Ilẹ̀ ni mi ò bá gbá." Mo fún un lówó oúnjẹ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, èmi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mi.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2018. Àdúgbò wa mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù, wọ́n sì máa ń pè mí lóru. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan pè mí láti iwájú àgọ́, wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún un: kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó mú ọmọ náà sílẹ̀, kó má fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò kà fún un, kó sọ fún wọn pé òun fẹ́ dúró fún ọmọ òun, bí wọ́n bá sì kọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, kó pè mí padà. Lẹ́yìn náà, ó bá ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ náà gba fóònù. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ti ń sọ pé, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má bínú."

Mo ní kó sinmi ẹ̀bẹ̀ ná. Mo ní, "Ó yá, kí ló ṣẹlẹ̀? Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó o ti kúrò nílé."